Mẹ́ńṣì: Ọ̀rọ̀ Yídíìṣì fún Ẹni tí Ó Jẹ́ Ènìyàn

Bí àròkọ lórí ìwà bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má ṣe sáré kọ "oníwà rere" kí o sì kọjá lọ. Yídíìṣì ni èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù. Lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ara èdè Jámánì àtijọ́ ni ó ti ṣẹ̀. Nínú rẹ̀, mẹ́ńṣì kò ju "ènìyàn" lásán lọ. Síbẹ̀, bí òbí bá ní kí ọmọ òun jẹ́ mẹ́ńṣì, ìwà ni ó ń béèrè. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ọ, nítorí àwa náà a máa wí pé, "Lágbájá kì í ṣe ènìyàn," bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni Lágbájá.

Má ṣe rò pé gbajúmọ̀ tàbí ọlọ́rọ̀ ni mẹ́ńṣì. Nínú sinimá The Apartment, tí Billy Wilder ṣe ní 1960, Baxter, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, a máa yá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ilé rẹ̀ láti fi pàdé àlè (ọ̀ràn àgbàlagbà ni o), kí wọ́n lè gbé e ga. Wọ́n sì gbé e ga lóòótọ́. Dókítà tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kí ó yáa di mẹ́ńṣì. Nígbà tí ọ̀gá tún béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé, kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ̀gá ni Baxter dá padà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní àṣẹ dókítà ni òun ń tẹ̀ lé.