Ta Lẹ Ń Bá Jà?

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dán an wò láyé mi. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Ọmọ tí wọ́n fà sílẹ̀ fún mi sanra jù mí lọ, ìlù sì ń dún kíkankíkan. Bó ṣe nawọ́ sí mi, àyà mi já, orí mi wú, ẹnu mi gbẹ bí ẹni tó fọ́n gààrí sẹ́nu láìmu omi. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀yìn mi ti kanlẹ̀. Ìyá mi àgbà fà mí mọ́ra: "Àyà rẹ ló já, ọmọ mi. Mí kanlẹ̀."

Ìgbà tí mo di olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti là á yé mi tán lọ́jọ́ náà.

Ìránṣẹ́ méjì ló wà nínú ara. Àkọ́kọ́ ni iṣan ìmọ̀lára, tó gba inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn dé gbogbo ara. Iṣẹ́ tí èyí tó yára jù nínú wọn ń jẹ́ lè rin 100 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ni họ́mọ̀nù, oje tí àwọn ẹṣẹ́ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Òun kì í yára bí iṣan, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ló ń dé, kì í sì í tètè lọ.

Lọ́jọ́ tí mo jà yẹn, àwọn méjèèjì jọ jáde ni. Ojú rí ìjà, ọpọlọ ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó bíi fìlà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ń lù kìkì, ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà tó kó pamọ́ síta, ọmọlójú fẹ̀, irun ara dìde. Ikùn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, itọ́ sì gbẹ, nítorí oúnjẹ dídà kọ́ ló kan ẹni tó ń jà.

Ta ló ń pẹ̀tù sí ọkàn? Iṣan gígùn kan tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn ni. Ní 1921, Otto Loewi, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ́sítíríà, fi ọkàn àkèré méjì dán an wò. Ó ta iṣan yìí jí lára ọ̀kan, ọkàn náà sì falẹ̀. Ó bu omi ara rẹ̀ sí èkejì, òun náà falẹ̀. Àṣé oje ni iṣan pàápàá fi ń sọ̀rọ̀! Iṣan yìí kan náà ni èémí tí a rọra mí síta ń ta jí.

Níbi ìjàkadì, ẹ̀yìn ẹnì kan á kanlẹ̀, ìlù á sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè, owó ilé ìwé ọmọ, owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé, ìlù tiwọn kì í dákẹ́. Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn àti ọmọ sísanra yẹn. Ẹṣẹ́ kan náà á máa tú cortisol, tó ń pẹ́ lára ju adrenaline lọ. Bó bá di baraku, oorun á dá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á ga, ìbínú á sún mọ́ tòsí.

Lọ́jọ́ kan, mo jágbe mọ́ ọmọ-ọmọ mi nítorí ife omi tó dànù. Ìyàwó mi wò mí títí. "Bàbá Táíwò, ta lẹ ń bá jà?"

Mo wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kan.

Láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí n máa lò, mo ń fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ rélùwéè nírọ̀lẹ́. Ara ti tú ṣúgà ìjà síta. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ bá a ná an.