Ojú Ìfihàn Púpọ̀ nínú Ọkọ̀ Onígbòkun: Ọ̀rọ̀ Wo ni ó Yẹ Wọ́n?

Agbègbè Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Nítòsí Ìsẹ́yìn, ìsédò Ikere Gorge sọ ọ́ di adágún. Lẹ́yìn èyí ó ṣàn lọ títí ó fi wọ ọ̀sà Èkó, níbi tí ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀ láti 1932. Apẹja tí ó wà nínú ọkọ̀ ọ̀pọ́n lè fi ọ̀pá wọn omi. Ọkọ̀ onígbòkun tí ó ń lọ sójú òkun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń wọn jíjìn omi, ìyára afẹ́fẹ́ àti ibi tí ọkọ̀ wà, tí ojú ìfihàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ń gbé e jáde: níwájú ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú, nínú yàrá ìsàlẹ̀, àti lára òpó ìgbòkun.

Olùkọ́ tí yóò fi Yorùbá kọ́ ọmọ Òkè-Ògùn ní iṣẹ́ yìí kò ní rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, nítorí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé.

"Jíjìn omi" dà bí ọ̀rọ̀ tí kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ojú ìfihàn kan lè máa ka jíjìn láti ojú omi, kí èkejì máa ka ohun tí ó ṣẹ́kù lábẹ́ ìdí ọkọ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá wọ omi ní mítà 2, ọ̀kan lè kọ 4.5, kí èkejì kọ 2.5, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Atukọ̀ tí ó rí 2 lórí ojú àkọ́kọ́, tí ó sì rò pé mítà 2 ṣì kù lábẹ́ òun, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ná. Nítorí náà, "jíjìn láti ojú omi" àti "àyè abẹ́ ìdí ọkọ̀" gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Fún bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe so pọ̀, "àwọ̀n" ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. Àwọ̀n apẹja ní kókó ní ibi gbogbo. Bí okùn kan bá já, òmíràn dì í mú. Ètò NMEA 2000, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wáyà gbọọrọ kan ṣoṣo ni ó ní, bí òpópó láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Ẹ̀ka tí ó lọ sí ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 6 lọ. Ẹni tí ó gbọ́ "àwọ̀n" lè so orí wáyà mọ́ ìdí rẹ̀, iṣẹ́ sì bàjẹ́. "Ìsokọ́ra" sàn jù, pẹ̀lú "wáyà òpópó" àti "wáyà ẹ̀ka".

Nínú ètò àtijọ́, NMEA 0183, tí ó jáde ní 1983, ẹ̀rọ kan ni asọ̀rọ̀, àwọn yòókù sì jẹ́ agbọ́rọ̀. Nínú ti ìsinsìnyí, gbogbo wọn lè sọ̀rọ̀. Bí méjì bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù ni yóò máa bá a lọ, èkejì yóò sì dákẹ́ kí àyè tó yọ, gẹ́gẹ́ bí ìjòyè kékeré ti í ṣe níwájú àgbà ìjòyè. Kí nọ́ńbà kékeré jẹ́ àgbà kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu: ọmọ kìíní ni àkọ́bí.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ohun kékeré tí a ń fi sí ìpẹ̀kun wáyà òpópó méjèèjì, tí agbára ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ ohm 120. "Òpin" tàbí "ìdérí" kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kígbe níwájú àpáta ńlá Òkè-Ògùn mọ gbohùngbohùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì iná ń padà láti ìpẹ̀kun wáyà tí ó ṣí sílẹ̀, tí yóò sì da ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rú, títí àwọn ojú ìfihàn yóò fi máa kú tí wọn yóò sì máa jí. "Apagbohùngbohùn" ni orúkọ tí ó bá a mu. Bí méjèèjì bá wà ní ipò, tí a pa iná, tí a sì wọn ìdènà láàrin wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì, ohm 60 ni yóò hàn. Bí ó bá jẹ́ 120, ọ̀kan ti sọnù.