Kérésìmesì àti Àwọn Tálákà nínú Ìwé Charles Dickens

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1843 ni Charles Dickens tẹ A Christmas Carol jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, àwọn kan wá tọrọ owó fún aláìní lọ́wọ́ Scrooge, ahun inú ìtàn náà. Ó bi wọ́n bóyá kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà gbà pé ìmẹ́lẹ́ ni ó ń bí òṣì. Dickens kò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀: ní 1824, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, gbèsè gbé bàbá rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n Marshalsea, òun náà sì ń lẹ ìwé mọ́ ìkòkò ohun ìkunbàtà. Cratchit, akọ̀wé Scrooge, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Síbẹ̀ ṣílè 15 ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ọmọ mẹ́fà sì ń bẹ nílé. Púdìn ọdún wọn kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó jẹ́ sọ ọ́.