Bí Agbára Ọkọ̀ Ìjàpá Bá Dínkù, Ẹ Yẹ Àkókò Iná Wò Kí Ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀kan nínú wa ní Ifákọ̀, tí ó ní Volkswagen àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, fẹ́ tọrọ ẹ̀yáwó láti fi tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà kò lè gun afárá dáadáa mọ́, ó ń gbóná, ó sì ń mu epo bí ọ̀mùtí. A bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ wo àkókò tí iná rẹ̀ ń tàn. Nígbà tí a ṣí dísítíríbútọ̀, ẹnu kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ó fi tún un ṣe. Kò yá kọ́bọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tan iná ní kété kí písítìnì tó dé òkè, nítorí epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá pẹ́, písítìnì yóò ti máa padà sílẹ̀ kí agbára tó dé: ọkọ̀ a wúwo, ẹ́ńjìnnì a sì gbóná. Bí iná bá yá jù, ẹ óò gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún kan-kan-kan bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Èyí lè dá ihò sí orí písítìnì.

Ìgbà tí ẹnu kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì bá là ni iná ń tàn. Apá rẹ̀ tí ń fara họ ọ̀pá tí ń yí nínú dísítíríbútọ̀ a máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu náà kò ní í tètè là mọ́, ẹni tí ń wa ọkọ̀ kò sì ní í fura.

Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí ẹnu kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì yóò fi là dé ibi tí ó lè là dé. Kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.4.

2. Ẹ yí púlì títí àmì ara rẹ̀ yóò fi kọjú sí ojú ìpàdé ẹ́ńjìnnì, tí rótọ̀ yóò sì kọjú sí àmì kékeré etí dísítíríbútọ̀. Àmì púlì kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo Ìjàpá. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín.

3. Ẹ so wáyà gílóòbù kan mọ́ ibi tí wáyà dísítíríbútọ̀ ti wọ kọ́ìlì, èkejì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sítáàtì.

4. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí dísítíríbútọ̀. Ẹ yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí títí gílóòbù yóò fi kú, kí ẹ wá rọra yí i padà. Bí ó bá ti tàn, ẹ dúró, kí ẹ dè é.

Ẹ má ṣe fi ìkẹrin ṣáájú èkíní, nítorí bí àlàfo bá yí padà, àkókò iná yí padà pẹ̀lú. Bí agbára kò bá padà lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ kábúrétọ̀ àti àlàfo fáàfù wò. Lẹ́yìn náà ni kí a tó sọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnnì.

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní 2003 ni Ìjàpá tí ó kẹ́yìn jáde ní Mẹ́síkò. Àwọn tí ó kù lọ́wọ́ wa yẹ ní títọ́jú, owó ẹgbẹ́ wa náà sì yẹ ní ṣíṣọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.