Níbo Ni Tírélà Ẹrù Wa Yóò Ti Sinmi Kó Tó Wọ Èkó?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń gba ọjà láti Òkè Ọya: ẹ̀yin oníṣu, ẹ̀yin alálùbọ́sà, ẹ̀yin onítòmátì, ẹ̀yin aláta, ẹ̀yin ẹlẹ́wà. Nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù wa sínú ọkọ̀, a máa ń béèrè iye owó ọkọ̀, a máa ń béèrè ọjọ́ tó máa dé. Ìbéèrè kan wà tó ṣe pàtàkì bíi ti owó: "Dírẹ́bà, níbo lẹ máa ti sinmi?" Ẹ jẹ́ ká máa béèrè rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, torí tí tírélà bá ti wọ Èkó tán, kò tún sí ibi tó máa ti sinmi mọ́.

BÍ Ọ̀NÀ NÁÀ ṢE RÍ

Ọkọ̀ tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ á kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, á gba Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, kó tó bọ́ sórí márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Márosẹ̀ yìí, tí wọ́n ṣí ní 1978, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Kí dírẹ́bà tó ti Kánò wá tó dé ibẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ń dùn ún, oorun ti ń kùn ún. Bẹ́ẹ̀ ibi tó le jù nínú ìrìn àjò rẹ̀ ṣì wà níwájú.

Ní Ṣàgámù ni àwọn tírélà tó gba Bìní àti Ọ̀rẹ̀ wá ti ń pàdé àwọn tó gba Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ dé ẹnu Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 43 péré ni, ṣùgbọ́n inú kìlómítà 43 yẹn ni wàhálà pọ̀ sí: Mọ̀wé, Ìbàfò, Long Bridge, Kara tí wọ́n ti ń ta màlúù, àti Berger. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ń rọ́ lọ sí ìsìn ní Redemption City, kí ẹ yáa fi wákàtí kún wákàtí.

Tí ọkọ̀ bá kọjá Berger, tó bọ́ sí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, Ọjọ́ta, Kétu, títí dé Mile 12, ó parí nìyẹn. Kò síbi tí ọkọ̀ gígùn lè yà sí. Bó bá dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré kí dírẹ́bà fi omi bọ́jú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn LASTMA á sì yọ sí i.

Ẹ tún rántí òfin. Láti 2012 ni òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí tírélà má rìn láàárín ìlú láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àyàfi ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò. Tírélà tó bá dé Berger ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ti há sáàárín nìyẹn: kò lè wọlé, kò sì rí ibi dúró sí. Òòrùn á máa pa tòmátì, dírẹ́bà á máa sùn lórí sítíárì, àwọn ọmọ ìta á máa yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sídìí tapólì.

IBI TÓ YẸ KÓ TI DÚRÓ

Ògèrè Rẹ́mọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ibùdó tí àwọn onítírélà mọ̀ jù lórí márosẹ̀ yìí. Búkà wà níbẹ̀, omi wíwẹ̀ wà, ibi ìkírun wà, mẹkáníìkì àti fọkanáísà kò sì jìnnà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Bìní wá, Ọ̀rẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ na ẹsẹ̀. Ohun kan la fẹ́ kí ẹ kíyè sí ní Ògèrè: nígbà míì ọkọ̀ máa ń pọ̀ débi pé wọ́n á máa gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ má gbà kí tiyín wà níbẹ̀. Inú páàkì ni kó wọ̀, kódà bí wọ́n bá ní ká san owó díẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn tí bíréèkì rẹ̀ já lè wá kọlu ọkọ̀ tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lóru.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tó dáa? Ẹ bá dírẹ́bà wo nǹkan márùn-ún yìí.

Èkíní, kó jẹ́ ibi tí tírélà lè gba iwájú wọ̀, kó sì gba iwájú jáde. Fífi ẹ̀yìn rin ọkọ̀ gígùn bọ́ sí márosẹ̀ léwu púpọ̀.

Èkejì, kí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kó má ṣe ẹrẹ̀. Síbẹ̀, kí mọ́tò-bọ́ọ̀ì fi igi tàbí òkúta dí táyà.

Ẹ̀kẹta, kí iná wà níbẹ̀ lálẹ́, kí máìgádì wà, kí ọkọ̀ ẹrù mìíràn sì wà níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá dá dúró sí kì í ṣe ibi ìsinmi.

Ẹ̀kẹrin, kó jìnnà sí ọkọ̀ epo. Ẹni tó ń dáná búkà kò mọ èyí tó ń jò nínú wọn.

Ẹ̀karùn-ún, kí ibòji wà fún ẹrù tó bá jẹ́ tútù. Tòmátì àti ata máa ń gbóná nínú apẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ bá dúró. Kí wọ́n ká tapólì sókè kí atẹ́gùn wọlé. Àlùbọ́sà náà fẹ́ atẹ́gùn, ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí wọ́n bò ó pa.

KÍ WỌ́N YẸ ỌKỌ̀ WÒ

Ìsinmi kì í ṣe ti dírẹ́bà nìkan, ti ọkọ̀ náà ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2018, ọkọ̀ epo kan já bíréèkì ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ó ṣubú, ó sì gbiná. Ó kéré tán ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú, ọkọ̀ tó jóná sì lé ní 50. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni tírélà ẹrù wa ń gbà kọjá. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó kúrò ní ibùdó ìsinmi tó kẹ́yìn, kí wọ́n yẹ bíréèkì wò. Kí mọ́tò-bọ́ọ̀ì na ọwọ́ sún mọ́ ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, kó má fọwọ́ kàn án o. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì ibẹ̀ ń há nìyẹn. Kí wọ́n wo afẹ́fẹ́ táyà, iná ẹ̀yìn, àti okùn tí wọ́n fi di ẹrù, torí okùn máa ń dẹ̀ lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà láti òkè òkun, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Gbogbo wa la mọ ìgbà tí tírélà kọ̀ǹténà ń lo ọjọ́ lórí afárá Àpápá, tí dírẹ́bà ń sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021 ni àjọ èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà tí wọ́n pè ní Ètò, pé kí tírélà dúró ní páàkì títí wọ́n á fi pè é. Ẹ bi aṣojú yín léèrè páàkì tí kọ̀ǹténà yín wà, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ti há gbogbo ìdè tó so kọ̀ǹténà mọ́ ọkọ̀ kó tó gbéra.

IṢẸ́ TI ONÍBÀÁRÀ

Ẹ jẹ́ ká ka owó ìsinmi mọ́ owó ọkọ̀, bí a ṣe ń ka ti alábàárù mọ́ ọn. Dírẹ́bà tí a kò fún lówó páàkì, ẹ̀gbẹ́ títì ló máa sùn.

Ẹ jẹ́ ká máa ṣírò padà sẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ kí ẹrù dé Mile 12 lóru kó lè bá ọjà ìdájí, kí ọkọ̀ ti wà ní Ògèrè lọ́sàn-án, kí dírẹ́bà jẹun kó sùn, kó kúrò lẹ́yìn tí òòrùn bá wọ̀, kó wọ Èkó lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án.

Àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé wákàtí wákàtí ni wọ́n ń pe dírẹ́bà: "O ti dé ibo? Ṣe kíá!" Ẹ dákun, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Àwọn Road Safety máa ń kìlọ̀ pé tí ènìyàn bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kó dúró sinmi. Mọ́tò-bọ́ọ̀ì ni kí ẹ pè. Ẹ sì sọ fún dírẹ́bà pé obì kì í ṣe oorun, bẹ́ẹ̀ ni paraga kì í ṣe oògùn àárẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé ó ti mu paraga, ẹ ní kó sùn títí yóò fi dá lójú rẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, kí wọ́n gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, kó jìnnà dáadáa. Nọ́ńbà àwọn Road Safety ni 122. Ní Èkó, ẹ pe 767 tàbí 112.

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ìdádúró á bà wọ́n lọ́jà jẹ́. Lóòótọ́, owó tòmátì máa ń já wálẹ̀ tó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù tó pẹ́ dé, a lè dín owó rẹ̀ kù ká tà á. Èyí tó dà sí kòtò ńkọ́, ta ló máa rà á? Dírẹ́bà tó sì bá ẹrù lọ, kí la máa sọ fún ìyàwó rẹ̀? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

A rọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan kó kọ orúkọ páàkì tí ẹ ti lò tó dáa sílẹ̀, ẹ mú un wá sí ìpàdé, ká lè jọ mọ̀ ọ́n. A sì ń bẹ ìjọba kí wọ́n túbọ̀ ṣe páàkì tó ní iná, omi àti ẹ̀ṣọ́ sójú márosẹ̀, kí tírélà yé sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ẹ dákun, ẹ ka èyí sétí ìyá tí kò mọ̀wé, ẹ sì kà á fún dírẹ́bà náà. Ọkọ̀ ẹrù wa á máa gúnlẹ̀ láyọ̀ o. Ọjà á tà.