Ẹ Sọ Oògùn Tí Ẹ Ń Lò Kí Ẹ Tó Gba Abẹ́rẹ́ Mẹ́kà

Bí àkókò Háàjì bá ti ń súnmọ́, láti Agbójú títí wọ inú Festac ni a ó máa rí àwọn ìyá wa tí ń palẹ̀ mọ́. Owó ti pé, aṣọ ti wà nílẹ̀, ó ku abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì a bi wọ́n pé, “Ìyá, oògùn wo lẹ ń lò?” Ìyá a ní, “N kò lo nǹkan kan, ọmọ mi.” Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú àpò rẹ̀! Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà dá a dúró.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní kí ẹ má gba abẹ́rẹ́, àtọ̀gbẹ náà kò ní kí ẹ má gbà á. Ohun mìíràn ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Abẹ́rẹ́ yírùnyírùn kò ní kòkòrò ààyè nínú. Ṣùgbọ́n kòkòrò ààyè tí a ti sọ di aláìlágbára ni a fi ṣe ti ibà pọ́njú. Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí àwa ará Èkó. Yábà ni àwọn dókítà tí Rockefeller Foundation ń rán wá láti 1925 ti ń wádìí ibà náà, òun náà ni ó sì pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní 1927. Kòkòrò tí wọ́n rí lọ́dún náà lára ọkùnrin kan, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni Max Theiler fi ṣe abẹ́rẹ́ tí a ṣì ń gbà.

Ara tó le a máa ṣẹ́gun kòkòrò yìí láìpẹ́. Ṣùgbọ́n prednisolone àti dexamethasone a máa gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara. Bí dókítà bá fi wọ́n wo ikọ́ fée tàbí làkúrègbé, kò burú. Ti àwọn obìnrin tí ń rà wọ́n kí wọ́n lè sanra ni ó bà mí lẹ́rù, nítorí wọn kì í ka èyí sí oògùn rárá. Ẹni tó bá ń lo 20 mílígíráàmù prednisolone lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú títí oṣù 1 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó bá ṣíwọ́. Kí ó má sì ṣe ṣíwọ́ lójijì nítorí Mẹ́kà o, ewu ńlá ni. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kí aboyún, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tí éèdì ti sọ di aláìlera, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹyin adìẹ, àti ẹni tó ti lé ní ọdún 60 tí kò gbà á rí, kọ́kọ́ rí dókítà. Bí abẹ́rẹ́ náà kò bá yẹ wọ́n, ó lè kọ ìwé ẹ̀rí fún wọn. Èyí sàn ju ìwé tí àwọn kan ń fi owó rà láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn kò mọ ìwé kà.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan àgbo, kí ẹ sì tètè lọ. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ìwé ibà pọ́njú tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ti gbà á rí, tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò ní láti tún un gbà. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé.