Kámẹ́rà àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ fídíò: Kí ẹni tówó ẹ̀ ò pọ̀ má ṣe kó gbogbo ẹ̀ lé kámẹ́rà lórí

Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kì í ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde tàbí ìwúyè. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń ṣe é, onífídíò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí táwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán, àtàwọn ayàwòrán tó ti wà nídìí fọ́tò tipẹ́, fi ń dà sídìí iṣẹ́ fídíò yíyà. Àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ kọ.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni náà yóò kó àjọ, yóò yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kún un, yóò sì fi gbogbo ẹ̀ ra kámẹ́rà tó ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀gá. Nígbà tó bá dóde àríyá, kò ní máìkì, bátìrì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, káàdì ẹ̀ á sì ti kún kí wọ́n tó gé kéèkì. Ìyàwó kò sì ní í padà wọlé lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé bátìrì onífídíò kú. Oníbàárà á bínú, kò ní í san owó tó kù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í júwe onífídíò náà fún ẹlòmíì. Gbèsè ẹgbẹ́ wà nílẹ̀, iṣẹ́ kò wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 tẹ́lẹ̀ ní báńkì kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024. Òkè òkun ni kámẹ́rà ti ń wá, owó ẹ̀ sì bá dọ́là gòkè. Ẹni tó bá ṣi kámẹ́rà rà nísinsìnyí, kì í ṣe owó kékeré ló fi ṣòfò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Ihò máìkì ló ṣáájú

Láti ọdún 2008 tí Nikon ti gbé D90 jáde, tí Canon náà gbé EOS 5D Mark II tẹ̀lé e, ni kámẹ́rà fọ́tò tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ńsì ẹ̀ ti ń ya fídíò. Èyí ló mú kí tòkunbọ̀ wọn pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló wúlò fún ẹni tó fẹ́ẹ́ fi fídíò jẹun.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò ni ihò tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ẹni tó ń wo fídíò lè fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá gbọ́ àdúrà tí bàbá ìyàwó gbà fún ọmọ ẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Máìkì tó wà nínú kámẹ́rà fúnra ẹ̀ kò mọ ohùn èèyàn yàtọ̀ sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Bó ṣe ń gbọ́ eléyìí náà ló ń gbọ́ tọ̀hún.

Ibí yìí ni tuntun ti ń tan èèyàn jẹ. Canon EOS 600D jáde lọ́dún 2011, 700D jáde lọ́dún 2013, àwọn méjèèjì ló ní ihò máìkì. Ṣùgbọ́n 2000D àti 4000D tó jáde lọ́dún 2018 kò ní in. Bákan náà ni Sony A6000 tọdún 2014, fọ́tò ẹ̀ dára gan-an, àmọ́ kò ní ihò máìkì. Ẹni tówó ẹ̀ bá ká Canon 80D tọdún 2016 yóò rí ihò máìkì lára ẹ̀, yóò tún rí èyí tí wọ́n ń ki íápíìsì bọ̀, tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń wọlé.

Ìṣẹ́jú mélòó ló lè yà kó tó dúró?

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fọ́tò kì í ya fídíò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti di ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlọ́gọ́ta, yóò dá ara ẹ̀ dúró. Owó ẹnubodè ilẹ̀ Yúróòpù ló fà á. Wọ́n ń gba owó tó pọ̀ jù lórí kámẹ́rà tó bá lè ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, làwọn tó ń ṣe kámẹ́rà bá dín in kù. Ọdún 2019 ni owó ẹnubodè náà kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ èyí kò yí àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà náà padà.

Ti 600D tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí fídíò bá ti gba àyè 4GB lórí káàdì, ìyẹn bí ìṣẹ́jú méjìlá, yóò dúró, àfi kí onífídíò tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lọ jẹ ìrẹsì, yóò padà wá bá a níbi tó ti ń sùn. Ìṣòro yìí ló ń mú káwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìpàdé gígùn máa wá kámẹ́rà tí wọ́n dìídì ṣe fún fídíò, èyí tó ń lo káàdì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra èyí tó ń lo káséètì nítorí pé wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú. Káséètì ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní ojú ihò tí wọ́n fi ń kó iṣẹ́ inú ẹ̀ jáde mọ́.

Iná gbọ̀ngàn kì í sábà tó

Lẹ́ńsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá fà á sún mọ́ èèyàn tán, f/5.6 ni nọ́ńbà ẹ̀ máa ń jẹ́. Lẹ́ńsì 50mm tí wọ́n kọ f/1.8 sí lára, tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́sàn-án tìyẹn. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà tí kò gbówó lórí, tó sì fi lẹ́ńsì yìí kún un, yóò yàwòrán tó mọ́ ju ti ẹni tó ra kámẹ́rà olówó ńlá pẹ̀lú lẹ́ńsì àtijókòó ẹ̀ lọ.

Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú lábẹ́ iná, kì í ṣe pé kámẹ́rà bàjẹ́. Iná ilẹ̀ Nàìjíríà ń lu nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lu nígbà ọgọ́ta. Kámẹ́rà tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí NTSC. Kí wọ́n yí i sí PAL, kí wọ́n sì fi shutter sí 1/50.

Ọ̀rọ̀ 4K náà ń kó sáwọn èèyàn lórí. Ìlọ́po mẹ́rin ni 4K fi ju fídíò Full HD lọ, kọ̀ǹpútà tó máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ lágbára, káàdì sì máa ń tètè kún. Orí fóònù lọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń wo fídíò ìnáwó wọn. Full HD tó wọn.

Bí owó ṣe yẹ kó pín

Ká ní ẹnì kan ní ₦800,000. Kó fi ₦400,000 wá kámẹ́rà àti lẹ́ńsì, ₦120,000 fún máìkì, ₦100,000 fún bátìrì àti káàdì, ₦80,000 fún tripod àti iná kékeré, kó sì fi ₦100,000 pa mọ́ de àtúnṣe. Èyí kì í ṣe iye ọjà o, bí owó ṣe yẹ kó pín ni: kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ kó ju ìdajì lọ.

Bí òde kan bá ń ṣẹ́ ₦40,000 kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti ti ọmọ iṣẹ́, ogún òde ni yóò dá ₦800,000 padà. Bó bá ń rí òde méjì lóṣù, oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Ẹni tó kó ₦1,600,000 lé e yóò ṣe ogójì òde, ogún oṣù gbáko, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè, èlé ẹgbẹ́ kò sì tíì sí nínú ẹ̀.

Lórí káàdì, méjì tó jẹ́ 64GB sàn ju ẹyọ kan tó jẹ́ 128GB lọ, nítorí bí ọ̀kan bá kú, gbogbo òde kò ní í bá a lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà tó wákàtí mẹ́ta Full HD. Ayédèrú káàdì pọ̀ lọ́jà. Kọ̀ǹpútà tó ní H2testw, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò sọ bóyá iye tí wọ́n kọ sára káàdì ló wà nínú ẹ̀.

Kí wọ́n tó sanwó tòkunbọ̀

Ní Computer Village n'Ìkẹjà tàbí níbikíbi, kí ẹni tó fẹ́ẹ́ ra tòkunbọ̀ mú káàdì àti máìkì tiẹ̀ dání. Kó ya fídíò títí kámẹ́rà yóò fi dá ara ẹ̀ dúró, kó wò ó bóyá ó ń gbóná jù. Kó bo ojú lẹ́ńsì, kó ya òkùnkùn, kó wo bóyá àmì pupa tàbí funfun wà lójú kan. Kó yẹ inú lẹ́ńsì wò síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, bóyá ó ti bu bí okùn aláǹtakùn. Kó gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ìdí kámẹ́rà wà lórí ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọjà olè má baà gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹni tówó ẹ̀ kò sì tíì tó rárá kò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ jẹ gbèsè. Fóònù tó dáa, tripod àti máìkì kékeré tó to ìkómọjáde àti fídíò ọjà àwọn oníṣòwò. Bó bá rí òde ńlá, kó háyà kámẹ́rà fún ọjọ́ kan. Fóònù àtijọ́ pàápàá lè wà lápò àpò ọkọ ìyàwó pẹ̀lú máìkì lára ẹ̀, kó máa gba ohùn sílẹ̀. Kí onífídíò ṣáà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ìró àtẹ́wọ́ náà ni yóò fi mú ohùn àti àwòrán bára mu lórí kọ̀ǹpútà.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kámẹ́rà kejì ni kó jẹ́ olówó ńlá, kó sì jẹ́ pé owó tí kámẹ́rà àkọ́kọ́ pa wálé ni wọ́n fi rà á.